Koha, PDF àbí hard disk: èwo ni kí ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kọ́kọ́ dáwọ́ lé?

Olùtọ́jú Ìwé, Iléṣà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan níbí ní Iléṣà ní nǹkan bíi 3,500 ìwé, inú rẹ́jísítà tí wọ́n fọwọ́ kọ ni gbogbo wọn sì wà. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà nílẹ̀. Iná ìjọba kì í dúró, fóònù ni a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní kí á kọ́kọ́ sọ ìwé di PDF, àwọn kan ní Koha, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwé (kátálọ́ọ̀gì), ni kí á gbé kalẹ̀. Ẹnì kan tún fẹ́ fún wa ní hard disk tó kún fún PDF ìwé-kíkà. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ìwé Yorùbá pọ̀ nínú ohun tí a ní, a ò sì fẹ́ kí àmì wọn sọnù.

Kátálọ́ọ̀gì, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ Obòkun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi ti PDF sílẹ̀ ná. Fáìlì tí kò ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé wá, òun àti ìwé tó sọnù, ọgbọọgba ni. Kátálọ́ọ̀gì ló yẹ kó ṣáájú, ètò iná ló sì yẹ kó ṣáájú kátálọ́ọ̀gì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 40. Mẹ́rin jẹ́ 160. Èyí tí yóò ṣe sáfà (kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀), 50. Router, ẹ̀rọ tó so wọ́n pọ̀, 10. Gbogbo rẹ̀ di 220. Bátìrì 12V, 200Ah kan ní wọ́ọ̀tì-wákàtí 2,400 nínú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oníòjé, ìdajì ni kí ẹ máa lò, torí bí ẹ bá ń fà á gbẹ, kò ní í tọ́jọ́. Ẹ yọ nǹkan bíi ìdá 15 nínú 100 tí ínfátà yóò jẹ. Ó ku nǹkan bíi 1,020, ìyẹn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ni, ẹ má retí ju ìdajì ìyẹn lọ.

Koha fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́ fún ilé-ìkàwé Horowhenua, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní January 2000. Orí Debian tàbí Ubuntu, irú Linux méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, ni ẹ ó gbé e sí. RAM 4 GB tó fún 3,500 ìwé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀ tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́: ẹ fún sáfà ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà, bíi 192.168.1.10, kí àwọn yòókù máa gba orí router wọlé sí i. Bó bá béèrè irú àkọsílẹ̀ tí ẹ fẹ́, MARC21, ìlànà tí ilé-ìkàwé fi ń to àkọsílẹ̀ ìwé, ni kí ẹ mú.

Bí iná bá já lójijì, àtọ́ka tí Koha fi ń wá ìwé, tí wọ́n ń pè ní Zebra, lè dàrú. Ìwé á wà nínú àkọsílẹ̀, ẹ ó wá a títí, kò ní í jáde. Àṣẹ `koha-rebuild-zebra -f -v`, kí ẹ fi orúkọ tí ẹ fún Koha yín tẹ̀lé e, ni ó ń tún un tò. Ohun kejì burú jù ú lọ nítorí kì í hàn. Koha a máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìdájí ni iṣẹ́ yẹn máa ń bọ́ sí. Sáfà tí ẹ pa lálẹ́ kò ní í ṣe é, kò sì ní í sọ fún yín. Ẹ fi anacron, tó ń ṣe iṣẹ́ tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, sí i, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín pe àṣẹ `koha-dump` kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì da ẹ̀dà náà sórí fláàṣì tí kì í sùn sínú ilé-ìkàwé.

Àmì Ohùn, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àmì, torí ibẹ̀ gan-an ni ìwé Yorùbá ti ń sọnù lójú ẹni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà tẹ ọ́ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà àti àmì: ọ pẹ̀lú àmì òkè (U+1ECD, U+0301), ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (U+00F3, U+0323), tàbí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ orúkọ ìwé bó ṣe tọ́ kí ẹ̀rọ sọ pé kò sí. Ẹ sọ gbogbo àkọsílẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà wọ̀nyí di ẹyọ kan, kí ẹ tó kó o wọlé. Ẹ lè fi MarcEdit, ètò tó ń ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ MARC, ṣe é. Ṣùgbọ́n NFC kò lè gba yín lọ́wọ́ U+0329, ìlà kékeré tó dúró lóòró tí àwọn kíbọọ̀dù kan ń fi sí ìsàlẹ̀ dípò àmì tó yẹ. Ẹ wá gbogbo rẹ̀, ẹ fi U+0323 rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tó ṣe NFC. Bí ẹ bá yí ètò yìí padà, NFC á ti kọjá lórí rẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ẹ tún yí Zebra sí ICU dípò CHR (ọ̀nà méjì tó fi ń ka lẹ́tà ni wọ́n), kí ẹni tó tẹ Osun lè rí Ọ̀ṣun. Inú àtọ́ka nìkan ni ICU ti ń yọ àmì, àkọsílẹ̀ yín kò ní í fara gbá. Òótọ́ ni pé ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò jọ jáde. Ó sàn ju kí ọ̀kankan má jáde lọ.

Bí ẹ bá fi Excel tẹ rẹ́jísítà, CSV UTF-8 ni kí ẹ fi pa á mọ́. CSV lásán yóò sọ ẹ àti ṣ di àmì ìbéèrè, kò sì ní í ṣeé dá padà. Èdè inú fíìdì 008, apá kan nínú àkọsílẹ̀ MARC, gbọ́dọ̀ jẹ́ yor. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀ sórí eng. Lítíréṣọ̀ Yorùbá lọ sí 896.333 nínú Dewey, ètò nọ́ńbà tí a fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá sí 496.333.

Ìwé Orí Ẹ̀rọ

Hard disk yẹn, ẹ má gbà á. Copyright Act 2022, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà, dáàbò bo ìwé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé: ìwé ẹni tó kú ní 1960 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òpin 2030. Pé ẹ kò tà á kò yí ìyẹn padà.

Kiwix ni kí ẹ wò. Ẹ lè fi gbé Wikipedia Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sórí sáfà kan náà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju 90 GB lọ, nítorí náà ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára ni kí ẹ ti gbà á. Díìsìkì tí ẹ ó fi gbé e kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣètò sí FAT32, torí FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, exFAT ni kó jẹ́. Ẹ fún Kiwix ní ojú-ọ̀nà (port) tirẹ̀, bíi `kiwix-serve --port=8090`, torí Koha ti sábà máa ń gba 80 àti 8080.

Research4Life tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ, jọ́nà ìwádìí ló wà níbẹ̀. Irú Hezekiah Oluwasanmi Library ní OAU ni ìyẹn yẹ, kì í ṣe SS2.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ di PDF ni èyí tí kò sí níbòmíràn: ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-ẹ̀kọ́ yín, ètò ayẹyẹ, àwòrán. Ẹ lo 400 dpi (tótó 400 nínú ínṣì kan) bí ẹ bá ń yà wọ́n, torí àmì ìsàlẹ̀ máa ń parẹ́ bí ó bá kéré. Ojú-ewé A4 kan ní àwọ̀ eérú jẹ́ nǹkan bíi 15 MB nínú TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, ìwé olójú-ewé 100 á sì gba 1.5 GB. TIFF ni ẹ ó tọ́jú, PDF ni wọn ó máa kà.

Olùtọ́jú Ìwé, Iléṣà

Ẹ ṣé gan-an ni o. Báàkóòdù ńkọ́? Ṣé ó pọn dandan ká ra sítíkà aláṣe-tán?

Kátálọ́ọ̀gì, Ilé-Ifẹ̀

Rárá. Bébà A4 tó ní sítíkà 65 lára tó. Bébà 54 lẹ ó lò fún ìwé 3,500. Ẹ̀rọ léésà ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, tàdáwà inkjet a máa ṣí bí ọwọ́ tó lóògùn bá kàn án. Irú báàkóòdù náà lè jẹ́ Code 39 tàbí Code 128, èyí tó bá wù yín. Síkánà USB kò nílò ètò kankan, bíi kíbọọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ń rí i. Ẹ fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti 10000001, kì í ṣe 00000001, torí Excel yóò jẹ gbogbo òdo iwájú, báàkóòdù ara ìwé kò sì ní í bá ti inú Koha mu mọ́.