Kwẹ́sítíọ́nà PhD mi ò padà wá o, ẹ gbà mí

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe PhD Educational Management rí níbí? Igbákejì prínsípà ni mí, bí àwọn prínsípà ṣe ń ná owó ilé-ìwé ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Mo pín kwẹ́sítíọ́nà (ìwé ìbéèrè) 120 fún wọn, 34 péré ló padà, ẹnì kan tiẹ̀ fi tiẹ̀ di ẹ̀pà, ojú mi ló ṣe. Mo ti gba lẹ́tà ní mínísírì, mo ti gbé e sórí Google Forms, mo ra dátà fún wọn, pàbó. Súpáfáísọ̀ mi wà ní sabbatical (ìsinmi gígùn tí wọ́n ń fún olùkọ́ yunifásítì), "máa ṣe é lọ" ṣáá ló ń wí. Ṣé mo lè fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kún 34 yìí láì tún proposal (ètò ìwádìí tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀) dìfẹ́ǹdì?