Mẹ́dà tó hewú: èsì mi lórí ìpẹtà, ìbàjẹ́ àti àtúnṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn tó ń kó mẹ́dà ológun pamọ́ ní kí á bá òun wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ìpẹtà fún àwọ̀ tí ọjọ́ pípẹ́ ń fún bàbà àti fàdákà, ìbàjẹ́ fún ohunkóhun tó bá ṣe mẹ́dà, àtúnṣe fún ohun yòówù tí wọ́n bá fi mú un bọ̀ sípò. Lórí "mẹ́dà" fúnra rẹ̀, n ò bá wọn jà. Àmì ẹ̀yẹ ti di ti gbogbo ayé, ife bọ́ọ̀lù náà àmì ẹ̀yẹ ni. Àwọn mẹ́ta yòókù ni n ò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó ja ogun Hitler ní Bọ́mà. Inú agolo bisikíìtì, ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn níbí, ni Ìràwọ̀ Bọ́mà wọn, mẹ́dà tí wọ́n gbà fún ogun náà, wà títí wọ́n fi kú: onígun mẹ́fà, lẹ́tà orúkọ ọba àti adé ní àárín, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú bí ojú obì tí wọ́n là sílẹ̀ láti àárọ̀. Òrùka òkè rẹ̀ ti là. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Ọ̀gbẹ́ni náà fi òjé jó òrùka pọ̀, ó tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti Brasso tí wọ́n fi ń dán irin fọ ìyókù, ó ní ẹ̀bùn ni. Nígbà tó délé, ó ń dán gbinrin. Àwọn lẹ́tà tó yí àárín rẹ̀ ká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, òjé funfun sì wú lọ́rùn rẹ̀ bíi gẹ̀gẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní: "Ẹ ò bá ti fi í sílẹ̀ bó ṣe là yẹn, ǹ bá sanwó gidi."

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá gbọ́ àtúnṣe, ohun tó máa rò ni pé nǹkan ọ̀hún ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jà mẹ́dà, òun gan-an ló sábà máa ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Òrùka tó là, ọgbẹ́ kan. Òjé tí wọ́n dà sí i, ọgbẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n ṣe láì yìn ín: jíjó pọ̀ ni. Ti ọ̀já mẹ́dà yàtọ̀. Aṣọ ni, ó ń gbó, àwọn sójà fúnra wọn ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bínú sí ìyẹn púpọ̀.

Ìbàjẹ́ náà fẹ̀ jù. Bí mẹ́dà méjì bá jọ wà láyà sójà, wọ́n á máa kan ara wọn bó ṣe ń yan, wọ́n á sì máa ha ara wọn lára díẹ̀díẹ̀. Àpá nìyẹn, kì í ṣe ọgbẹ́. Olùrà lè yọ díẹ̀ nínú owó, kò ní torí ẹ̀ sá lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹnì kan wọ̀ ọ́ rí. Arábìnrin wa kan ti ní ẹran ara ló ń ní àpá àti ọgbẹ́. Ọrùn ìgò ńkọ́? Ẹsẹ̀ tábìlì ńkọ́?

Ní ti ìpẹtà, irin ló ń jẹ. Àwọ̀ ṣíṣú yìí kì í jẹ nǹkan. Ó ń bo ohun tó wà nísàlẹ̀ ni. Ewú ni mo fẹ́ ká pè é. Mẹ́dà tó hewú. Ẹni tó bá bó o kúrò ṣe bí àgbàlagbà tó kun irun lé. Kò tíì padà di ọmọdé. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní láìsí àmì ohùn, ewú á di ewu tàbí ẹ̀wù. Òótọ́ ni, ẹ kọ ọ́ ní "ewú bàbà" nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tó ń hù lára bàbà, tó ń rọ bí ìyẹ̀fun, ìyẹn ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Kí ìpẹtà máa jẹ́ tiẹ̀.

Ọ̀kan kù tí ẹ̀gbọ́n ò fi síbẹ̀. Fàdákà ni mẹ́dà ogun 1914 sí 1918 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó jà ní Kamẹrúùnù àti ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà àti orúkọ oníwun sí etí rẹ̀. Ìràwọ̀ bíi ti bàbá wa kò ní orúkọ lára, ìwé iṣẹ́ sójà ló ń jẹ́rìí sí i. Àwọn kan ń fi ayùn pa orúkọ etí yẹn rẹ́, wọ́n á fín òmíràn sí i. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n á rí i pé kò pé mílímítà 36 mọ́ láti etí dé etí, orúkọ tuntun náà sì jẹ́ fífín, kì í ṣe títẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó sí "orúkọ àtúnfín", àmọ́ wọn ò fín ti àkọ́kọ́, kí wá ni wọ́n tún fín? "Etí fífá" ló kàn wá sí mi lọ́kàn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.