Wi-Fi so mọ́ fóònù, àmọ́ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé ráúta mi ni àbí ilé iṣẹ́?

Ìyá Ìbejì Parakin
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ifẹ̀ níbí ni mo wà. Ó di ọjọ́ kẹrin tí Wi-Fi ilé wa ò ṣe nǹkan kan, fóònù á so mọ́ ọn, á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá pe àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ̀kì fún wa, fíbà ni, wọ́n á ní kí n pa ráúta, àpótí tó ń pín Wi-Fi fún wa, kí n tún tàn án, mo ti pa á mo ti tàn án títí ó sú mi, wọ́n sì ti gba owó oṣù yìí. Àwọn ọmọ méjì tí mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí Zoom l'Amẹ́ríkà ń dúró dè mí. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset ẹ̀yìn ẹ̀, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Iléṣà
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kan ihò yẹn! Ọ̀pọ̀ ráúta fíbà ni ilé iṣẹ́ ti fi username àti password sínú ẹ̀, PPPoE ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá ti reset ẹ̀ ó ti pa rẹ́ nìyẹn, àfi kí wọ́n tún wá fi òmíì sí i. Ó ṣe mí rí, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń dúró dè wọ́n. Ẹ wo iná tí wọ́n kọ LOS sí. Tó bá ń ṣẹ́jú pupa, wáyà fíbà ti gé tàbí ó ti ká níbì kan. Tí ò bá tàn, ẹ ṣí command prompt lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ ping 192.168.1.1 (ping ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wò bóyá á dáhùn; ráúta yín ni nọ́mbà yẹn, tó bá yàtọ̀ ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀), ẹ ping 8.8.8.8 (ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kẹ́ ẹ wá ping google.com.

Ìyá Ìbejì Parakin
LOS ò tàn rárá. Méjì àkọ́kọ́ dáhùn, ti google.com ni kọ̀ǹpútà ní òun ò rí.

Bọ̀dá Lágéré
Ọ̀nà là nìyẹn mà, orúkọ ni ò rí. Nọ́mbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, DNS ló ń bá a wá nọ́mbà tó wà nídìí orúkọ, bí ẹ ṣe ń wá orúkọ èèyàn nínú fóònù kẹ́ ẹ tó pè é. Ó jọ pé DNS ilé iṣẹ́ yín ni ò dáhùn. Ẹ tẹ nọ́mbà ráúta yín sí bíráwúsà kẹ́ ẹ wọ inú ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DHCP sí, ẹ fi DNS 1.1.1.1 (ti Cloudflare) sí àkọ́kọ́, 8.8.8.8 sí ìkejì, ti Google ni ìkejì yẹn, ọ̀fẹ́ ni látọdún 2009. Ẹ save ẹ̀, kẹ́ ẹ pa Wi-Fi fóònù kẹ́ ẹ tún un so.

Ìyá Ìbejì Parakin
Ó ti wọlé o, Ọlọ́run á bù kún yín! Àmọ́ láago mẹ́jọ alẹ́ àná ó tún ń já, ohùn mi ń gé létí àwọn ọmọ.

Ọmọ Iléṣà
Nígbà tó bá ń já gan-an, ẹ fi kéébù so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráúta kí wọ́n má baà ní Wi-Fi ni, ẹ tẹ ping -n 50 192.168.1.1 (kó kàn án nígbà àádọ́ta), kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí 8.8.8.8. Tí ráúta bá dáhùn gbogbo ẹ̀, àmọ́ tí 8.8.8.8 ń já, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gba ticket number lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n bá dákẹ́ ẹ pe 622, ti NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á bi yín ní nọ́mbà yẹn.

Ìyá Ìbejì Parakin
Ráúta dáhùn 50, 8.8.8.8 dáhùn 31 péré. Mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ yẹn náà. Àárọ̀ yìí wọ́n pè, wọn ò sọ̀rọ̀ pé kí n pa á kí n tàn án mọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo àpótí orí òpó tó wà níta wa.