Ṣé a lè jẹ ẹ̀fọ́ tó hù níbi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ní Mushin níbí, mẹkáníìkì ló lo ẹ̀yìnkùlé wa tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú. Bí òjò bá rọ̀, àwọ̀ òṣùmàrè á bo ojú omi. Mo mọ̀ pé èròjà ọ́ìlì tí kì í yòrò nínú omi sábà máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo gbòǹgbò, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ewé. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìdílé elégédé máa ń fa irú DDT (oògùn apakòkòrò tí òun náà kì í yòrò nínú omi) gòkè ju ewéko mìíràn lọ, ìdílé kan náà sì ni ùgwú! Ọmọ kékeré wà nílé, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò oníyẹ̀pẹ̀ tuntun ni, àbí kí n kó iyẹ̀pẹ̀ yìí dànù? Níbo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò l'Ékòó?