Ọdún Ìṣẹ̀ṣe ti ń bọ̀ o, báwo lẹ ṣe ń pe oníròyìn tí wọ́n fi ń wá?

ỌmọAwo_Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, àbọrú àbọyè fún àwọn àgbà inú wa. Ìsẹ́yìn ni mo wà, èmi ni ẹgbẹ́ ní kí n mójú tó ọ̀rọ̀ oníròyìn fún ọdún Ìṣẹ̀ṣe, August 20. Lọ́dún tó kọjá èrò pọ̀ débi pé àga ò tó, bàtá dún títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ọmọdé ké ẹsẹ Ifá tómi fi bọ́ lójú àwọn ìyá wọn, síbẹ̀ kò dún níbì kankan. Rédíò mẹ́ta la kọ̀wé sí, ọ̀kan ní ká lọ sanwó ìkéde, ọ̀kan ò dáhùn, ìkẹta rán ọmọkùnrin kan wá, ewúrẹ́ tá a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé ló yà, òun nìkan náà la rí lórí Facebook wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àwọn abọgibọ̀pẹ̀ ṣọdún". Ṣé owó la ò ní ni àbí a ò mọ̀wé kọ? Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ìròyìn:
Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí ìròyìn rédíò rí, ẹ jẹ́ n là á fún yín. Ìkéde lọ́tọ̀, ìròyìn lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ pé "ẹ bá wa kéde ọdún wa", ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó ìpolówó ni wọ́n máa tì í sí, ó sì tán nìyẹn. Olóòtú ìròyìn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ojú ewé kan péré, kí ìlà àkọ́kọ́ ti sọ ta ló ń ṣe é, níbo, ọjọ́ wo, aago mélòó. Oríkì ìlú ẹ yọ ọ́ (mo mọ̀ pé ó máa dùn yín). Ẹ fi ránṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ wá tún pè wọ́n nígbà tó bá ku ọ̀la, torí àárọ̀ la máa ń pín iṣẹ́, ibi tí kò bá ti sí nínú ìwé àárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀.
Àti pé "a fẹ́ ṣọdún" kì í ṣe ìròyìn, ọdọọdún lẹ ń ṣe é. Àwọn ọmọ tó ké ẹsẹ Ifá yẹn gan-an ni ìròyìn! Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ta ló kọ́ wọn? Ìsẹ́yìn tẹ́ ẹ wà ńkọ́, ìlú aṣọ òfì, ẹ ò rí nǹkan sọ níbẹ̀ ni?

ÌyáỌ̀ṣun:
Ọmọ mi, ti ewúrẹ́ yẹn ò yà mí lẹ́nu, ó ti ṣẹlẹ̀ sáwa náà. Ẹnu ọ̀nà la ti ń pàdé oníròyìn báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í tètè bínú. Òun ló máa sọ kí wọ́n tó yọ kámẹ́rà pé ibí ẹ lè yà á, ọ̀hún rárá, ojúbọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó yà á tán kẹ́ ẹ tó pariwo, ariwo yẹn ló máa gbé lọ. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pè yín náà, ẹ kọ "oníṣẹ̀ṣe" sínú ìwé fún wọn gàdàgbà, ọ̀pọ̀ wọn ò fìkà pè wá ní kèfèrí, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé ni. Kẹ́ ẹ fi kún un pé 2005 ni UNESCO ti ka Ifá mọ́ àjogúnbá aráyé, Igbó Ọ̀ṣun náà wọlé lọ́dún yẹn, àti pé ní 2023 ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi torí ọdún Ìṣẹ̀ṣe. Akọ̀ròyìn fẹ́ nǹkan tó ṣeé dì mú.

Dẹ́jì_L:
Gbogbo yín ń yí i po, owó mọ́tò ńkọ́? 😂 Èmi ò tiẹ̀ ní bá olóòtú kankan fà á, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ra àkókò lórí rédíò ni mo máa lọ bá. Wọ́n ń wá àlejò lójoojúmọ́, ẹ fún wọn ní babaláwo kan tó lẹ́nu, táwọn èèyàn bá ti ń pè wọlé, ọdún yín ti di ọ̀rọ̀ ìlú kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìròyìn:
Dẹ́jì sọ òótọ́ lórí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ o. Owó mọ́tò wà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ́kọ̀ ẹ lọ gbé wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn lóúnjẹ, ó bójú mu ju kéèyàn máa ká owó sínú àpòòwé lọ. Tí wọn ò bá wá, fọ́tò mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ àti ohùn ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fi fóònù gbà, kó wọlé sórí WhatsApp olóòtú kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò o!

ỌmọAwo_Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ́tà tá a ti tẹ̀ sílẹ̀ ni, oríkì nìkan gba ìlà mẹ́jọ, aago tá a máa bẹ̀rẹ̀ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ 🤦🏾 Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tó ké Ifá, ọmọ ọdún méje ni, bàbá ẹ̀ ń hun òfì, mo ń lọ bá a lálẹ́ yìí. Ewúrẹ́ tọdún yìí, inú yàrá ló máa wà.