Ìfúnpá, ìpéye àti àṣìṣe: èsì sí àbá lórí àwọn ọ̀rọ̀ yàrá àyẹ̀wò ìmọ̀ iṣẹ́ ara

Àbá tí ó wà níwájú wa lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò máa lò nínú yàrá àyẹ̀wò ìmọ̀ iṣẹ́ ara ènìyàn dára ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fọwọ́ sí. Àbá náà ní kí a fi “ìpéye” túmọ̀ accuracy (bí iye tí a kà ṣe súnmọ́ òótọ́ tó) àti precision (bí àwọn iye tí a kà ṣe súnmọ́ra wọn tó) pọ̀, kí a máa pe error, ìyẹn bí iye tí a kà ṣe yà kúrò lórí òótọ́, ní “àṣìṣe”, kí “ìfúnpá” jẹ́ orúkọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ní apá aláìsàn, kí a sì máa pe homeostasis, ìyẹn bí ara ṣe ń tọ́jú ipò inú rẹ̀ kí ó má yí padà jù, ní “ìdúró-déédéé ara”. Ẹni tí ó dá àbá náà sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá kúrú tí ó sì ti mọ́ etí lára ni kí a mú. Mo gbà pé kí ọ̀rọ̀ kúrú. Ohun tí n kò gbà ni kí ohun méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ nígbà tí ohun èlò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ kan náà.

Orí ìfúnpá ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó tàn ká jù. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé ohun tí a fi ń fún apá ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá di aṣọ tí ó ní rọ́bà nínú mọ́ òkè apá, tí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi fún apá náà pinpin, aṣọ yẹn gan-an ni ìfúnpá. Ohun tí a fi ń wọ̀n ni ó wá fi orúkọ rẹ̀ fún ohun tí a ń wọ̀n, tí a fi ń gbọ́ pé “ìfúnpá rẹ̀ ga”. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò sí ìpalára kankan nínú èyí. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ wo irú gbólóhùn tí yóò jáde: “Ẹ tú ìfúnpá náà díẹ̀díẹ̀ títí ìfúnpá inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ dé orí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.” Ohun mẹ́ta ni a dárúkọ níbẹ̀: aṣọ tí a dì mọ́ apá, agbára afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú aṣọ náà, àti agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ ara òpójẹ̀, ìyẹn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìwọ̀n náà kò sì ju pé kí a fi èkejì wé ẹ̀kẹta lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Scipione Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, gbé aṣọ tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jáde ní ọdún 1896, ṣùgbọ́n ìka ni a fi ń tẹ ọrùn ọwọ́ nígbà náà láti mọ ìgbà tí iṣan dákẹ́ àti ìgbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, nítorí náà iye kan ṣoṣo ni a ń rí. Ní ọdún 1905, dókítà Nikolai Korotkoff ní Rọ́ṣíà fi ohun èlò ìgbọ́rọ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú ìfúnpá bá lágbára ju ẹ̀jẹ̀ lọ, òpójẹ̀ a pa pọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá, kò sì sí ìró kankan. Bí a ti ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, ibi kan wà tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ara rẹ̀ gbà ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá fún, tí etí yóò sì máa gbọ́ ìró kọ́, kọ́, kọ́. Iye tí a bá kà níbẹ̀ ni iye ti òkè. Ìró náà yóò máa lọ títí òpójẹ̀ yóò fi là gbangba, yóò sì pòórá. Iye ibẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀. Bí a bá kọ 120 lórí 80, mílímítà mẹ́kúrì ni a ń sọ, èyí tí ó jẹ́ gíga tí agbára náà lè gbé mẹ́kúrì dé nínú ọ̀pá onígíláàsì.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí ìfúnpá padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ orúkọ aṣọ náà, kí a sì máa pe agbára náà ní “ìtẹ̀”: ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀, ìtẹ̀ omi. Ẹnìkan lè sọ pé láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni a ń tẹ nǹkan, àti pé ẹ̀jẹ̀ ń ti ara òpójẹ̀ ní gbogbo ìhà. Ṣùgbọ́n a máa ń tẹ bọ́tìnnì tí ó wà lára ògiri, a sì máa ń tẹ ọsàn láti mọ̀ bóyá ó ti rọ̀; ìhà kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Iye méjèèjì náà, ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní ìtẹ̀ ìgbà ìfún àti ìtẹ̀ ìgbà ìdẹ̀, nítorí pé ọkàn tí ó fún àti ọkàn tí ó dẹ̀ ni ó fà wọ́n. “Ìtẹ̀ òkè” àti “ìtẹ̀ ìsàlẹ̀” rọrùn lóòótọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò rò pé ti orí àti ti ẹsẹ̀ ni.

Ti “ẹ̀jẹ̀ ríru”, tí àwọn kan máa ń fi pe ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀, kò gùn. Àìsàn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ìwọ̀n. Gbogbo ẹni tí ó wà láàyè ni ó ní ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé “èló ni ẹ̀jẹ̀ ríru mi?” yóò dé ibi tí yóò ti máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru òun lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, èyí tí kò bá ara wọn mu rárá.

Ó wá kan ìpéye, ibi tí mo rò pé àbá náà ti ṣe ìpalára jù. Ẹ jẹ́ kí a ki tẹ̀mọ́mítà méjì bọ inú omi tí yìnyín ń yọ́ nínú rẹ̀ lọ́wọ́. A mọ̀ pé 0°C ni ó yẹ kí wọ́n sọ. Èyí àkọ́kọ́ sọ 2.1, ó tún sọ 2.0, ó sì tún sọ 2.1. Èkejì sọ −1.5, ó sọ 0.2, ó sì sọ 1.4. Èwo ni ó péye nínú wọn? Iye ti àkọ́kọ́ fara mọ́ra wọn tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jìnnà sí òótọ́. Iye ti èkejì tú káàkiri, síbẹ̀ bí a bá pín in dọ́gba, òdo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní “ìpéye” nìkan lẹ́nu kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Mo dábàá “ìsúnmọ́ òótọ́” fún accuracy àti “ìsúnmọ́ra” fún precision, nítorí pé ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju ohun tí iye náà súnmọ́ lọ: òótọ́ ni, tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa bá fẹ́ kí ìpéye dúró fún ti àkọ́kọ́, n kò ní jà. Ìsúnmọ́ra ni n kò ní jọ̀wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí a kó ohun kẹta mọ́ wọn, ìyẹn bí ìlà ara ohun èlò ṣe wẹ́ tó. Rúlà tí a pín sí mílímítà ní ìpínwẹ́wẹ́ ju èyí tí a pín sí sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n ìlà wẹ́wẹ́ kò sọ ọ́ di olóòótọ́.

“Àṣìṣe” tẹ̀lé e. Nínú àṣìṣe, ẹnìkan ti ṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kan láyé, ìbáà jẹ́ ọwọ́ tí ó farabalẹ̀ jù ni ó wọ̀n ọ́n, tí kò ní yà díẹ̀ kúrò lórí òótọ́. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ “sọ àṣìṣe rẹ̀”, yóò rò pé ẹ̀bi ni a ní kí òun jẹ́wọ́, yóò sì tún iye náà kọ kí ó lè dára lójú olùkọ́. Kí “ìyapa” jẹ́ orúkọ àlàfo tí ó wà láàárín iye tí a kà àti iye òótọ́, kí a sì fi àṣìṣe sílẹ̀ fún àṣìṣe gidi, bíi kí a gbàgbé láti dá òṣùwọ̀n padà sórí òdo kí a tó gbé nǹkan lé e, bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti padà sórí òdo, tí ó ń fi ìwọ̀n kan náà kún gbogbo iye, “ìyapa apá kan” nìyẹn. Èyí tí ó ń lọ sókè tí ó tún ń bọ̀ nísàlẹ̀ láìní ètò ni “ìyapa síwá-sẹ́yìn”. Orúkọ méjèèjì wúlò nítorí pé ìwòsàn wọn yàtọ̀. Kíkà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí a sì pín in dọ́gba ń dín ti síwá-sẹ́yìn kù. Ti apá kan kò ní yẹ̀, bí a tilẹ̀ kà á nígbà ẹgbẹ̀rún.

Kíka lílù ọkàn ní ọrùn ọwọ́ ni a fi lè fi èyí hàn kíákíá. Ẹni tí ó kà fún ìṣẹ́jú àáyá 15 tí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, bí ó bá fo ẹyọ kan, ẹyọ mẹ́rin ni ó ti fò nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó kà fún odindi ìṣẹ́jú pàdánù ẹyọ kan péré.

Ní ti homeostasis, “ìdúró-déédéé” kò tọ́, nítorí kò sí ohun tí ó dúró. Claude Bernard, onímọ̀ iṣẹ́ ara ará Faransé, ti ṣàlàyé ṣáájú pé omi inú ara tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n Walter Cannon, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, ni ó dá ọ̀rọ̀ homeostasis ní ọdún 1926, òun fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe rò pé ohun kan tí ó dúró gbagidi ni òun ń sọ. Ìgbóná ara ènìyàn kì í jókòó sórí 37°C. Ó máa ń lọ sílẹ̀ ní ìdájí, ó sì máa ń gòkè ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ara ń ṣe ni pé ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tún un ṣe, ó sì tún ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gbóná jù, òógùn a yọ, òpójẹ̀ abẹ́ awọ a sì fẹ̀; bí ó bá tutù jù, òpójẹ̀ a súnkì, ara a sì máa gbọ̀n. A ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tí ó sọ èyí láìṣẹ̀ṣẹ̀ dá òmíràn: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí a bá tú u palẹ̀, “ìwọ̀n” àti “tún wọ̀n” ni a ó bá nínú rẹ̀, iṣẹ́ ara náà sì nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni àwọn ènìyàn máa ń lò ó fún, ṣùgbọ́n “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ara” kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Àbá náà tún ní kí negative feedback, ìyẹn irú àtúnṣe tí ara ń ṣe sí ìgbóná rẹ̀ yìí, jẹ́ “ìdápadà òdì”. Èyí burú. Òdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ìdápadà yìí gan-an ni ó ń mú wa wà láàyè. Mo fẹ́ “ìdápadà adínkù”, nítorí pé ó ń dín ìyípadà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kù, kí èkejì rẹ̀, positive feedback, tí ń mú ìyípadà pọ̀ sí i, sì jẹ́ “ìdápadà afikún”. Ìrọbí ni àpẹẹrẹ èyí: orí ọmọ ń tẹ ọrùn ilé ọmọ, ara ń tú omi ìsúnniṣe oxytocin jáde, ilé ọmọ ń fún sí i, orí ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́ sí i, títí a ó fi bímọ.

Kíákíá lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò. “Aláyípadà olómìnira”, tí àbá náà fi túmọ̀ independent variable, jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ aṣọ Yorùbá. Nígbà tí a bá jẹ́ kí rúlà já bọ́ láàárín ìka ẹnìkan, tí ó sì mú un ní sẹ̀ǹtímítà 20, nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi fèsì. Bí a bá ní kí ó fi ọwọ́ òsì ṣe é lẹ́yìn tí ó ti fi ọ̀tún ṣe é, ọwọ́ ni “ohun tí a yí”, ibi tí ó ti mú rúlà ni “ohun tí ó yí”. Ó tán. Control group, ìyẹn àwọn tí a kò yí nǹkan kan fún, tí a fi ń wé àwọn yòókù, sì ni “ẹgbẹ́ àfiwé”. “Ẹgbẹ́ ìdarí” tí ó wà nínú àbá náà dà bí ìgbìmọ̀ aláṣẹ.

Ó ku iṣan, tí àbá náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn, tí èmi náà sì lò lókè bí gbogbo ayé ṣe ń lò ó. Ẹ gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹsẹ̀ tí ń ta nígbà tí a bá fi òòlù kékeré lu abẹ́ orúnkún: a lu iṣan, iṣan gbé ìròyìn lọ sí inú ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan mìíràn gbé èsì bọ̀, iṣan itan sì fà. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni “iṣan” níbẹ̀. Kí iṣan dúró fún èyí tí ó ń fà tí ó sì ń dẹ̀. Kí òpójẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Kí èyí tí ó so iṣan mọ́ eegun jẹ́ “ìdè iṣan”. Fún èyí tí ó ń gbé ìròyìn, a ti gbọ́ “okùn ìmọ̀lára”, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbé èsì bọ̀ kò gbé ìmọ̀lára kankan, àṣẹ ni ó gbé. “Okùn ìjíṣẹ́” gba méjèèjì, ti àlọ àti ti àbọ̀, òun ni mo sì fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí láti yẹ̀ wò.