Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú ológun, kí lojú yín rí lọ́dọ̀ asbestos?

Ìyá Ìbejì, New York

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ òfuurufú ológun rí, tàbí tí bàbá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó pa wọ́n ti wà lára wọn fún nǹkan bí ogójì ọdún kó tó hàn síta.

Ìdí táyà àti bíréèkì ni wọ́n fi wọ́n sí nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni wọ́n ń tún ṣe jù. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń balẹ̀, ooru tó ń jáde lára bíréèkì rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe bíréèkì láyé ìgbà yẹn fi ń po asbestos, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, mọ́ ọn: iná kì í jó o, kì í sì í tètè jẹ. Àmọ́ bó pẹ́ bó yá ó ń jẹ náà, eruku rẹ̀ á sì kó jọ sínú. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń lé eruku yẹn jáde. Wọ́n á fẹ́ ẹ fùù, á gba gbogbo hángà, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Bàbá mi ní bí ẹni tó ti ilé ìlọ èlùbọ́ bọ̀ làwọn ṣe máa ń rí tó bá fi máa di ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní ìbomú.

Lára ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́? Aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọ̀pá èéfín kí ooru má bàa ran ara ọkọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ kúrò, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú, asbestos wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó tún wà nínú ohun tí wọ́n fi wé páìpù tó gba òkè hángà kọjá.

Aṣọ iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń wọ̀ wálé. Màmá mi á gbọ̀n ọ́n lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, àwa ọmọ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ, ẹ fiyè sí ibí yìí dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ọkọ wọn ni wọ́n fọ̀, wọn ò débi iṣẹ́ rí, síbẹ̀ àìsàn yìí mú wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú màmá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ni mò ń sọ ọ́.

Lọ́dún 2016, bí bàbá mi bá gun àtẹ̀gùn, èémí wọn kì í délẹ̀ mọ́. Omi ló kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Wọ́n fà á, ó tún padà. Àwọn ẹbí ní Abẹ́òkúta ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, wọ́n ní ká fowó ránṣẹ́ sí wòlíì kan. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ò jókòó tì wọ́n mọ́, wọ́n rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. A ti kiri ọsibítù kí dókítà ọ̀dọ́ kan tó bi wọ́n pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà ní géńdé?" Bí wọ́n ṣe dáhùn, ó ní kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ yẹ̀ wò. Mesothelioma ni, jẹjẹrẹ awọ yẹn gan-an. Kì í ràn. Fọ́nrán asbestos téèyàn fà símú kì í yòrò, ó lè wà níbẹ̀ fún 20 sí 50 ọdún kí àìsàn tó yọjú. Inú ṣì ń bí mi pé ìbéèrè tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan tó bi wá.

Ní ti òfin, bàbá mi ní àwọn ò lè pe ìjọba lẹ́jọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọdún 1950 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ Feres, ológun tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ò lè pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ láti gba owó ìtanràn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sílé, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

VA wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Wọ́n ń san owó oṣooṣù fún ẹni tí iṣẹ́ náà sọ di aláìsàn, ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń ka jẹjẹrẹ yìí sí. Àmọ́ wọn ò kàn ní gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà tó dárúkọ àìsàn, ẹ̀rí pé ẹ fara kan asbestos lẹ́nu iṣẹ́, àti ìwé dókítà tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ wá DD214 yín jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, torí irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ológun rí, bí American Legion àti DAV (Disabled American Veterans), ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó bá yín kọ ìwé àkọ́kọ́, ẹ sá fún un, òfin ò gbà á láyè.

Lẹ́yìn VA, àwọn tó ṣe bíréèkì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ló kù. Lọ́yà ló ń bójú tó ìyẹn, nínú owó tó bá wọlé ló sì ti ń gba tiẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn á sọ pé bí ìjọba ṣe ní káwọn ṣe é làwọn ṣe é, ẹjọ́ Boyle tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yẹn dá lọ́dún 1988 ni wọ́n ń gbára lé. Lọ́yà wa ní ká fi bí wọ́n ṣe ṣe é sílẹ̀, ká di ìkìlọ̀ tí wọn ò kọ sí i lára mú. Àwọn mìíràn ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, gbèsè ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Johns-Manville sá sábẹ́ òfin ajigbèsè lọ́dún 1982, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní láti ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tí asbestos wọn ṣe léṣe. Ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìnáwó ìjọba wò ka irú àpò owó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ 60 lọ́dún 2011. A ò dé kóòtù ká tó rí gbà nínú wọn, ìwé la kọ ránṣẹ́. Kò sì dí owó oṣooṣù VA lọ́wọ́.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé bàbá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wọn. Lọ́yà gbé kámẹ́rà wá sílé, bàbá mi búra, wọ́n sì ka orúkọ ọkọ̀, orúkọ tó wà lára páálí bíréèkì, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Méjì nínú àwọn wọ̀nyẹn ṣì wà láyé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn. Òfin ní gbèdéke o, ó sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ọdún 3 ni New York fún wa láti ìgbà tí wọ́n ti mọ àìsàn náà. Ní California, ọdún 1 péré ni.

Bàbá mi lọ lọ́dún 2018. Màmá mi ló ń gba owó opó lọ́dọ̀ VA báyìí.

Bàbá Tóbi, Kent

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bàbá, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Èmi ṣe ẹ́ńjìnnì fún RAF, ìyẹn ológun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1971 sí 1983. Èmi náà họ gásíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni máa kú, mo sì máa ń fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àyà mi, wọ́n rí àpá líle lára awọ ẹ̀dọ̀fóró mi. Pleural plaques ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ, ó kàn fi hàn pé asbestos ti dé ibẹ̀ ni. Mo rò pé màá rí nǹkan gbà lórí ẹ̀, àṣé House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí nígbà yẹn, ti dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 2007 pé àpá yẹn nìkan ò tó láti gba owó ìtanràn. Scotland kọ̀, wọ́n ṣe òfin tiwọn lọ́dún 2009 pé wọ́n á máa san án. Ọkàn mi wà pẹ̀lú Scotland lórí èyí. Ẹni tó ń jí lóru tó ń ronú nípa àyà ara rẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Tiwa níbí jọ Feres yẹn. Apá kan nínú òfin ọdún 1947 ló dí wa lọ́nà, wọ́n sì mú un kúrò ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1987, ṣùgbọ́n kò kan ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àwa tá a fa eruku náà símú ṣáájú ò lè pe ìjọba lẹ́jọ́, pẹ́ńṣọ̀n ogun ló kù fún wa. Ẹni tí mesothelioma bá mú nínú wa, láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ó lè yàn láti gba £140,000 lẹ́ẹ̀kan náà dípò owó díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló jà fún un, torí pé púpọ̀ ń kú kí pẹ́ńṣọ̀n yẹn tó dé ibì kan.

Wálé, Oklahoma

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ò wọ aṣọ ológun rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ni mí níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ ológun palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ọ̀nà tiwa yàtọ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò sì mọ̀. A kì í lọ sí VA. FECA ni òfin tó kàn wá, ìyẹn òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fọ́ọ̀mù CA-2 la sì ń kọ fún àìsàn tó bá tinú iṣẹ́ wá. Ọdún 3 ni gbèdéke rẹ̀, láti ìgbà tó o bá ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó o mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á. Asbestosis ni wọ́n rí lára mi, ẹ̀dọ̀fóró ti ń le. Wọ́n ń sanwó ìtọ́jú mi. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń san tó bá ní ìyàwó tàbí ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta tí kò bá ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́ ẹ sì ń mu sìgá, ẹ jáwọ́ lónìí. Sìgá àti asbestos tí wọ́n bá pàdé nínú àyà kan ṣoṣo, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á ju kí wọ́n ro méjèèjì pọ̀ lọ fíìfíì.

Múfútàù, Ìkẹjà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, àyà mi ń já. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí C-130, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù ológun, ti Nàìjíríà látìgbà tí àwọn ọkọ̀ náà ti dé lọ́dún 1975. Ológun ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wúkọ́, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń fún wọn, wọ́n yẹ itọ́ wọn wò, wọn ò rí kòkòrò kankan, síbẹ̀ wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà lákọ̀tun. Òfin owó ìtanràn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 nílé wa níbí yọ ológun sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ológun nìkan ló gbà nínú bárékè. Kí ni kí n ṣe fún bàbá yìí?

Ìyá Ìbejì, New York

Ẹ̀gbọ́n Múfútàù, ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ owó ná. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní ọsibítù olùkọ́ni, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ikọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ sọ fún un pé bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni bàbá ṣe, ẹ sọ ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá CT scan yẹ. Ẹ jẹ́ kí ó kọ iṣẹ́ náà sínú fáìlì. Lálẹ́ òní, tí bàbá bá lágbára, ẹ fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ ọkọ̀, ohun tí wọ́n rí lára páálí, àti ẹni tí wọ́n jọ wà. Ẹ tún béèrè ta ló ń fọ aṣọ wọn.